Báwo ni mo ṣe lè sọ òjìji ara ilé Àgùdà tí mo ń wò láti kékeré di iṣẹ́ àtùpà?

ỌmọLáfíàjí béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà tí mo fẹ́ sọ di òwò ni mo gbé wá, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́ jẹun kò wọ́n láàárín wa níbí.

Àdúgbò Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó, níbi tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó ti Bùràsíìlì àti Kúbà padà dé, kọ́ ilé sí, ni mo gbé dàgbà, nínú ilé alájà kan tí irin tí wọ́n tẹ̀ kọ́rọkọ̀rọ wà lẹ́nu ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè rẹ̀, tí pákó tí wọ́n gbẹ́ ihò sí lára sì wà lókè ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Bí oòrùn bá ti ń yẹ̀ lọ síhà ìwọ̀-oòrùn, òjìji àwọn irin àti pákó yẹn á tẹ́ sára ògiri pálọ̀, á máa gùn díẹ̀díẹ̀, á sì máa yí padà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo lè jókòó tì í láti ìgbà tí a bá ti ilé ìwé dé títí wọ́n á fi pè wá jẹun. Bí wọ́n bá sì mú iná lọ lálẹ́, páálí bísíkíìtì ni mò ń gé ihò sí, màá gbé e yí àbẹ́là ká kí òjìji lè padà wá. Ìyá mi àgbà kò fẹ́ràn eré yìí rárá, nítorí pé ẹ̀rù ń bà á kí n má jó ilé.

Ní báyìí, ilé iṣẹ́ kan ní Màrínà ni mo ti ń gba owó oṣù. Mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán, mo sì ti bá wẹ́dà àdúgbò wa ṣe àwọn àtùpà onípáànù mélòó kan tí wọ́n ní ihò lára, tí iná inú wọn máa ń ju ọnà sára ògiri àti àjà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rà nínú rẹ̀. Èrò mi ni pé kí ó di ilé iṣẹ́ tó ní orúkọ tirẹ̀, tí ẹni tí kò mọ̀ mí rí náà yóò máa rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé òjìji tí àtùpà mi ń jù kò mú; ńṣe ló máa ń rí bàìbàì, kò sì jọ èyí tí mo mọ̀ nílé. Wẹ́dà ń lo àkókò púpọ̀ lórí ẹyọ kan, méjì kì í sì í jọra. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá rí i lónìí lè lọ ṣe irú rẹ̀ lọ́la. N kò sì mọ̀ bóyá kí n fi iṣẹ́ oṣù sílẹ̀ kí n lè gbájú mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

OnínáÌtàgé (Yábàá) dáhùn:

Arábìnrin wa, ẹ kú ìrònú. Iná orí ìtàgé ni mò ń ṣe jẹun, nítorí náà ọ̀rọ̀ òjìji nìkan ni màá dá sí. Àwọn tó mọ̀ nípa owó á sọ tiwọn.

Ẹ má bínú sí wẹ́dà yín lórí òjìji tó rí bàìbàì. Gílóòbù ni ẹ ó bá wí. Bí ojú tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jáde bá ṣe fẹ̀ tó ni etí òjìji rẹ̀ ṣe máa ń yọ́ tó. Oòrùn tóbi lóòótọ́, àmọ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 150 kìlómítà ló fi jìnnà sí wa, débi pé kò fẹ̀ ju nǹkan bí ìdajì dígírì lọ lójú ẹni tó dúró ní ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí etí òjìji irin ilé yín fi ń mú. Gílóòbù LED tí gbogbo wa ń rà, èyí tí ìdérí rẹ̀ funfun, fẹ̀ tó mìlímítà 60, gbogbo ara ìdérí yẹn ló sì ń tàn. Ibi kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀ ń ju òjìji tirẹ̀, wọ́n á wá gorí ara wọn, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí páànù oníhò yín bá fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí iná, tí ògiri sì fi mítà kan jìnnà sí iná kan náà, ihò tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan á di sẹ̀ǹtímítà 10 lára ògiri. Etí tó yọ́ náà á pọ̀ sí i, ìbú rẹ̀ á sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án ìbú iná. Fún gílóòbù mìlímítà 60, ìyẹn ju ìdajì mítà lọ, ọnà kankan kò sì ní ṣeé dá mọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lo LED ẹlẹ́yọ kan tí ojú rẹ̀ kò ju mìlímítà 2 lọ, tí ẹ sì gbé páànù jìnnà sí i ní sẹ̀ǹtímítà 20, etí tó yọ́ kò ní ju mìlímítà 8 lọ. Iná kékeré, ìbòrí ńlá: ohun tí ẹ ń wá nìyẹn. Ẹ̀yìn irú LED bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná, ẹ sì gbọ́dọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin alumíníọ̀mù tí yóò máa gba ooru kúrò lára rẹ̀. Ẹ fi ọ̀dà dúdú tí kò dán kun inú ìbòrí náà, kí ìmọ́lẹ̀ má baà ta padà láti inú wá pa òjìji rẹ́. Ẹ má sì fi iná méjì sínú rẹ̀ láéláé, nítorí pé òjìji méjì ni ẹ óò rí.

Ó ku ohun kan tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ yín, tí mo sì rò pé ó ṣe pàtàkì ju gbogbo ìṣirò yìí lọ. Ẹ sọ pé òjìji náà máa ń gùn, ó sì máa ń yí padà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó dà bíi pé ìrìn òjìji yẹn ló gbà yín lọ́kàn ní kékeré, kì í ṣe bí irin náà ṣe rí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, àtùpà tí òjìji rẹ̀ dúró gbagidi sójú kan kò tíì ṣe iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó ṣe. Iná kékeré tí mo wí yìí ṣeé gbé sórí ọ̀pá kan láàárín ìbòrí, kí ẹni tó rà á lè fi ọwọ́ tì í sókè tàbí sódò. Bí iná bá sún díẹ̀ péré, òjìji orí ògiri á rìn jìnnà. Kò nílò mọ́tò, kò sì nílò kọ̀ǹpútà. Àtùpà oníhò pọ̀ lọ́jà, láti Mòrókò títí dé Ṣáínà. Ní ti èyí tí òjìji rẹ̀ ń gùn bíi ti ìrọ̀lẹ́ Èkó, n kò tíì rí i nílé ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀.

Wẹ́dàÒṣòdì dáhùn:

Àǹtí wa, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n oníná ti sọ̀rọ̀ dáadáa. Èmi fẹ́ kí ìmọ̀ràn náà bá ohun tí ọwọ́ wa lè ṣe mu.

Bó bá jẹ́ gíráńdà àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń gé ihò kọ̀ọ̀kan, méjì kò lè jọra, bó ti wù kí wẹ́dà náà mọṣẹ́ tó. Ẹ gbé iṣẹ́ gígé lọ bá àwọn tó ní ẹ̀rọ lésà, èyí tó ń fi ìmọ́lẹ̀ líle gé irin. Àwòrán tí ẹ yà ní kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá fi í pamọ́ gẹ́gẹ́ bíi DXF, ìyẹn irú fáìlì àwòrán kan, òun gan-an ni ẹ̀rọ náà máa kà. Iye owó tí wọ́n ń gbà sábà máa ń tẹ̀lé gígùn ọ̀nà tí lésà rìn àti iye ìgbà tó ní láti kọ́kọ́ dá páànù lu kí ó tó gé ihò tuntun. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọgọ́rùn-ún ihò wẹ́wẹ́ wọ́n ju ogún ihò ńlá lọ, bí ààyè tí wọ́n gbà lójú páànù tilẹ̀ dọ́gba. Ẹni tó bá ń ya ọnà láìmọ èyí á ya ohun tó rẹwà tí kò sì ní lè tà.

Ẹ lo páànù mìlímítà kan. Irin tó bá kù láàárín ihò méjì, ẹ má jẹ́ kó tínrín ju mìlímítà méjì lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ooru lésà á mú un ká. Páànù odidi tí wọ́n ń tà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí mẹ́jọ, ìyẹn mìlímítà 1220 sí 2440. Ẹ to àwọn apá àtùpà yín sórí ìwọ̀n yìí nínú kọ̀ǹpútà kí ẹ tó fẹnu kò lórí bí àtùpà ṣe máa tóbi tó, nítorí pé sẹ̀ǹtímítà kan tó bá lé lè mú kí apá kan má wọ̀ mọ́, owó gbogbo àjókù yẹn sì wà lọ́rùn yín.

Ibi tí ẹ ń gbé tún ń kọ́? Afẹ́fẹ́ Erékùṣù ní iyọ̀ nínú, irin lásán á dógùn-ún kíákíá. Ọ̀dà tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń fọ́n dára, àmọ́ etí ihò tí lésà gé ni kì í gba ọ̀dà dáadáa, ibẹ̀ ni ìpẹtà sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń yan nínú ààrò sábà máa ń di etí mú ju ọ̀dà mọ́tò lọ. Alumíníọ̀mù kì í dógùn-ún ní tirẹ̀, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ní ẹ̀rọ bóyá tirẹ̀ lè gé e, nítorí pé àwọn lésà kan wà tí alumíníọ̀mù máa ń ta ìmọ́lẹ̀ wọn padà.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ rò jù ni pé kí ẹ má jó o rárá. Ẹ yà á kí ó jẹ́ páànù pẹrẹsẹ mẹ́rin tàbí mẹ́fà tí wọ́n ní ahọ́n àti ihò létí, tí ẹni tó rà á á fi ọwọ́ ara rẹ̀ kì bọ ara wọn nílé. Ẹ rò ó wò: ìbòrí ńlá tí ẹ̀gbọ́n ní kí ẹ ṣe, ta ló fẹ́ gbé e láti Òṣòdì lọ sí Lẹ́kí lórí ọ̀kadà? Bó bá pẹrẹsẹ, ó wọ inú páálí tó nípọn díẹ̀, kò sì ní wó lọ́nà. Ẹ wo àga tí wọ́n ń pè ní LM, tí Nifemi Marcus-Bello, ẹni tó ń ya àwòṣe ohun èlò, ṣe níbí ní Èkó: ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe àpótí jẹnẹrétọ̀ ló gbé e lọ, ohun tí ẹ̀rọ wọn ti mọ̀ ọ́n tẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló sì fi ṣe àga. Iṣẹ́ tó bá bá ẹ̀rọ inú ìlú mu ló ń tètè jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi iná 230 fóòtì sínú páànù láìsí wáyà ẹ́ẹ̀tì. Bí wáyà kan bá bó nínú, gbogbo ara àtùpà á di iná. LED tó ń lo 5 fóòtì, èyí tí a lè so mọ́ ṣájà fóònù tàbí bátìrì, bọ́ nínú ewu yẹn, á sì tún máa tàn nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

ÌyáÌbejìSùúrùlérè dáhùn:

Àbúrò mi, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó, nítorí pé àwọn ọkùnrin yìí á fi páànù pa yín.

Ẹ ní àwọn ọ̀rẹ́ yín rà á. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn wọn ọjà. Ọ̀rẹ́ lè ra àtùpà nítorí yín; ẹni tí kò mọ̀ yín ń rà á nítorí yàrá rẹ̀. Mo ń ta ohun èèlò inú ilé, mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá dúró lójú ìsọ̀ mi ń bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta péré: èló ni, ṣé ó máa pẹ́, ṣé ó máa wọ pálọ̀ mi. Kò sí ẹni tó bi mí rí bóyá ọmọ ọdún méje ni ẹni tó ṣe é nígbà tó kọ́kọ́ fẹ́ràn òjìji. Ìtàn yín wúlò lẹ́yìn tí ìbéèrè mẹ́ta yìí bá ti ní ìdáhùn, kì í ṣe ṣáájú. Yinka Ilori, oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, fi òwe tó ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí rẹ̀ ṣe àga tí gbogbo ayé mọ̀, àmọ́ àga àlòkù tí àwọn ènìyàn ti jù nù ló fi bẹ̀rẹ̀. Owó tó kọ́kọ́ ná kò lè pa á lára bí wọn kò bá rà á.

Ẹ fi àpẹẹrẹ yìí ṣírò. Kí a sọ pé páànù, gígé, ọ̀dà, iná àti páálí rẹ̀ jẹ́ 18,000 náírà. Bí ẹ bá tà á ní 25,000, ó dà bíi pé ẹ ti jèrè 7,000. Ọjọ́ tí ìsọ̀ kan bá ní òun fẹ́ máa bá yín tà á ni ojú yín máa là, nítorí pé òun náà fẹ́ jẹ, kò sì sí ohun tí ẹ lè yọ fún un. Bó bá jẹ́ 45,000 ni iye tó wà lójú ọjà, tí ìsọ̀ sì mú ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 18,000, ó ku 27,000 fún yín. Ẹ yọ ìnáwó, ó ku 9,000. Inú 9,000 yẹn ni ẹ ti máa san owó àkókò yín, ti èyí tó bàjẹ́, àti ti èyí tí oníbàárà dá padà. Bí ọjà kò bá lè gba 45,000, ẹ padà sọ́dọ̀ àbúrò wa wẹ́dà, kí ẹ dín ihò kù. Ẹ má dín èrè.

Ní ti iṣẹ́ oṣù, ẹ má fi í sílẹ̀. Ìgbà tí àwọn tí ẹ kò mọ̀ bá ń rà á léraléra, tí àyè kò sì gbà yín mọ́ láti dá wọn lóhùn, ẹ óò mọ̀ fúnra yín. Ṣùgbọ́n ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán àtùpà tuntun náà síta láti òní lọ, kí ojú lè máa mọ̀ ọ́n.

Agbẹjọ́ròÌkẹjà dáhùn:

Mo ní láti bẹ ìyá wa pé kí wọ́n dá gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dúró díẹ̀, nítorí pé ó lè gba ẹ̀tọ́ kan lọ́wọ́ arábìnrin wa.

Òfin tó kan ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà ni Patents and Designs Act ti ọdún 1970. Ó fàyè gba kí ènìyàn forúkọ àwòṣe rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ìlà, àwọ̀ tàbí ìrísí tí ẹni tó ṣe é ní lọ́kàn láti fi ẹ̀rọ ṣe ní ọ̀pọ̀ ẹ̀dà. Ọdún márùn-ún ni ìforúkọsílẹ̀ náà ń wà, a sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì fún ọdún márùn-ún márùn-ún, kí gbogbo rẹ̀ lè jẹ́ ọdún 15. Ṣùgbọ́n àwòṣe náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Bí aráàlú bá ti rí i níbikíbi kí ẹ tó kọ̀wé béèrè, yálà nínú àwòrán, nínú ìpolówó tàbí lórí tábìlì oníbàárà, òfin lè kà á sí ohun tó ti di àtijọ́. Ìpàtẹ tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín oṣù mẹ́fà ṣáájú ìwé yín kò bà á jẹ́. Kí ẹ fi ọwọ́ ara yín gbé e sórí Instagram kò sí lára ìyẹn. Nítorí náà, kí ìwé kọ́kọ́ lọ, kí àwòrán tó tẹ̀lé e.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Ìrísí páànù náà, bí ẹ ṣe to ihò rẹ̀ àti bí apá rẹ̀ ṣe rí, ni àwòṣe ń dáàbò bò. Ohun tó bá wà fún ìwúlò iṣẹ́ nìkan, bíi ọ̀pá tí iná ń gbà lọ sókè sódò, kì í ṣe àwòṣe. Patent, ìyẹn ẹ̀tọ́ lórí ohun tuntun tí ènìyàn hùmọ̀, ló ni ìyẹn, ọdún 20 ni, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun kí ó sì ní ọgbọ́n inú tí ẹlòmíràn tó mọṣẹ́ náà kì bá tètè rò. Àtùpà tí iná rẹ̀ ń sún lórí ọ̀pá ti wà láyé tipẹ́tipẹ́, n kò sì ní gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ náwó lé e. Òfin tiwa tilẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé orí ẹni tó gba patent ni ewu rẹ̀ wà, ìjọba kò ṣe onídùúró pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Orúkọ òwò rọrùn ju èyí lọ: ẹ lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, òfin ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní CAMA ti 2020 sì ti gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ yẹn kì í ṣe àmì òwò (trademark) o. Àmì òwò dá dúró, ọdún méje ló kọ́kọ́ máa ń wà, lẹ́yìn náà ọdún 14 ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tún un ṣe. Nínú àwọn abala tí wọ́n pín ọjà sí fún àmì òwò, abala kọkànlá ni àtùpà wà.

ÀgbàKáńpọ́ọ̀sì dáhùn:

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ẹ̀yìn Káńpọ́ọ̀sì ni wọ́n bí mi sí, mo sì mọ irú òjìji tí ò ń wí.

Mo gbà pẹ̀lú ẹni tó ní iná lọ́wọ́ pé ìrìn òjìji ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n n kò gbà pé bí irin náà ṣe rí kò jẹ́ nǹkan kan. Bí o bá fi òdòdó èyíkéyìí tó wà nínú kọ̀ǹpútà sí i, àtùpà tí òjìji rẹ̀ ń rìn lo ṣe, ìlú rẹ kò sí nínú rẹ̀. Àwọn baba wa tó ti Bùràsíìlì àti Kúbà dé jẹ́ káfíńtà, bíríkìlà àti oníṣọ̀nà, ọwọ́ wọn sì wà lára ilé kristẹni àti ti mùsùlùmí bákan náà. João Baptista da Costa, ọ̀kan nínú àwọn Àgùdà, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894. Lọ dúró níwájú rẹ̀ ní Òpópónà Martins kí o wo ojú rẹ̀ dáadáa kí o tó fa ìlà kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà, kọjá sí Kákáwá, kí o wo ilé tí wọ́n ń pè ní Water House, tí João Esan da Rocha kọ́.

Yára ṣe é. Ìjọba ti kéde Ilojo Bar, ilé Àgùdà àtijọ́ kan ní Tinúbú, gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní 2016. Inú fọ́tò ni a ti ń wo ọnà tó wà lára rẹ̀ báyìí, fọ́tò kì í sì í sọ ìwọ̀n. Bí o bá ń ya fọ́tò tìrẹ, gbé rúlà tì í, kí o sì yà á ní ọ̀kánkán, má yà á láti ìsàlẹ̀. Kan ilẹ̀kùn kí o tó wọ àgbàlá ẹnikẹ́ni. Ilé ẹbí ni púpọ̀ nínú wọn, olórí ẹbí sì wà tó yẹ kí o sọ ohun tí o fẹ́ fi ọnà ilé wọn ṣe fún. Bí o bá wá ń tà á, kí orúkọ ilé náà wà lára páálí rẹ̀, bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan kò ní fẹ́.

ỌmọLáfíàjí dáhùn:

Bàbá, ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe tiwa obìnrin, mo kúnlẹ̀ ni. Ẹ̀yin yòókù, ẹ ṣeun púpọ̀.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n oníná: ìrìn rẹ̀ ni mo ń dúró wò. N kò ronú kàn án rí títí mo fi ka ohun tí wọ́n kọ. Ní alẹ́ àná, mo yọ gílóòbù kúrò nínú ọ̀kan lára àwọn àtùpà náà, mo tan iná ẹ̀yìn fóònù mi, mo sì tì í bọ inú rẹ̀. Òjìji náà mú, bí mo sì ṣe ń gbé fóònù náà lọ sókè ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri tó sì ń gùn.

Agbẹjọ́rò wa, mo ní ìbéèrè méjì. Àwòrán àwọn àtùpà àkọ́kọ́ ti wà lórí Instagram mi. Ṣé gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn? Bí mo bá sì lo ọnà tó wà lára ilé àtijọ́ bí bàbá ṣe wí, ṣé mo ṣì lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀?

Agbẹjọ́ròÌkẹjà dáhùn:

Àwọn àkọ́kọ́ yẹn, ẹ máa tà wọ́n, ẹ má sì gbé owó ìforúkọsílẹ̀ lé wọn lórí. Èyí tó ní páànù pẹrẹsẹ tí ẹ kò tíì fi han ẹnikẹ́ni kò sí lára wọn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní ẹ̀rọ lésà náà fọwọ́ sí ìwé kékeré kan pé òun kò ní fi àwòrán náà han ẹlòmíràn.

Ní ti ọnà àtijọ́, ẹnikẹ́ni kò lè sọ ohun tó ti wà lára ilé láti ọgọ́rùn-ún ọdún di tuntun. Bí ẹ bá dà á kọ bó ṣe wà, ẹlòmíràn náà lè dà á kọ. Bí ẹ bá mú ìtẹ̀kọ́rọ̀ kan níbẹ̀, tí ẹ tún un tò, tí ẹ yí ìwọ̀n rẹ̀ padà kí òjìji rẹ̀ lè gùn bí ẹ ṣe fẹ́, ìtò tuntun yẹn ni ẹ lè béèrè fún.

ÌyáÌbejìSùúrùlérè dáhùn:

Mo ti gbọ́, agbẹjọ́rò. Nígbà náà, kí ó máa gbé òjìji nìkan síta. Kí ó ya fídíò ògiri, bí ọnà ṣe ń rìn lára rẹ̀, kí ó má jẹ́ kí àtùpà hàn. Àwọn tó bá béèrè ibi tí wọ́n ti lè rà á, kí ó kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀. Ìyẹn á sọ fún un bóyá ọjà wà.

Agbẹjọ́ròÌkẹjà dáhùn:

Ó dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìyá wa. Kí ògiri má hàn tán, nítorí pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yà lè yà á láti ara òjìji.

Wẹ́dàÒṣòdì dáhùn:

Àǹtí, ẹ má tíì gé e sí irin. Ẹ fi abẹ gé páànù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú páálí líle ní ìwọ̀n tó máa jẹ́ gan-an, kí ẹ kì wọ́n bọ ara wọn, kí ẹ fi LED kékeré sí i, ẹ ó sì rí ibi tí ihò ti pọ̀ jù tàbí tí ahọ́n kò ti dúró. Ìnípọn páálí lè má bá ti páànù mu, nítorí náà nígbà tí ẹ bá ń ya DXF, ihò tí ahọ́n máa wọ̀ gbọ́dọ̀ fi bí ìdá kan nínú márùn-ún mìlímítà fẹ̀ ju ìnípọn páànù lọ, kí ẹ sì fi ìnípọn ọ̀dà kún un. Àwọn tí kì í ka ọ̀dà mọ́ ọn ni wọ́n máa ń fi òòlù lu àtùpà nílé oníbàárà.